Bísọ́lá, Ta Ló Bá Ọ Ṣe Ètò Ìrìn Àjò Yìí?

Bísọ́lá, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná ká sọ̀rọ̀. Mo ti rí fọ́tò náà. Mo rí òkun, mo rí iyanrìn, mo rí ọmọge tó dé akẹtẹ̀ ńlá tó kọ ẹ̀yìn sí wa bí ẹni pé a jẹ ẹ́ lówó. Ó dára, mi ò ní kò dára. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Mo ní, ọ̀nà wo ni ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì fẹ́ gbà débẹ̀? O ní, "Àǹtí, ọkọ̀ òfuurufú ni." Ṣé mo rò pé ẹ fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ ni?

Má fajú ro. Inú mi dùn pé o fẹ́ sinmi. Láti ìgbà tí o ti wọ ọ́fíìsì yẹn ni ojú rẹ ti jìn wọnú, o sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Inú mi tún dùn pé kì í ṣe Dubai lẹ mú, níbi tí gbogbo ayé ti ń lọ ra báàgì tí wọ́n ń tà ní Balógun. Nígbà tí o dárúkọ São Tomé àti Príncipe, díẹ̀ ló kù kí n dìde jó. Èmi tí mo fi jọ́gíráfì jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mélòó nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ló lè fi ìka tọ́ ọ lórí máàpù? Ṣùgbọ́n kéèyàn dárúkọ ibì kan yàtọ̀ sí kó mọ̀ ọ́n lọ. Ẹ ti mú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ ti mú àwọ̀ tí ẹ máa kùn sí èékánná, ẹ ò tíì mọ oṣù tí òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Kí lẹ wá ń pè ní ètò?

Jókòó dáadáa, kí o ṣí máàpù. Ṣé o rí òkun tó wà nísàlẹ̀ wa yìí? Erékùṣù méjì náà nìyẹn, tí ìlà agbedeméjì ayé gba ìdí wọn kọjá. Fa ìlà tààrà láti Èkó lọ sí São Tomé, kò pé 800 kìlómítà. Fa òmíràn láti Èkó lọ sí Kánò, ó lé ní 800. Òkè òkun tí ò ń pariwo yìí sún mọ́ ọ ju ọ̀rẹ́ rẹ tó ń gbé Kánò lọ! Ní 2001, ìjọba wọn àti tiwa fọwọ́ sí ìwé lórí epo tó bá wà lábẹ́ omi tó wà láàárín wa, pé nínú gbogbo 100, Nàìjíríà á mú 60, àwọn á mú 40. Ní oṣù keje 2003 tí àwọn sójà gbàjọba níbẹ̀, Nàìjíríà níbí ni ààrẹ wọn, Fradique de Menezes, wà. Nígbà tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà, Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ ló sìn ín padà sílé. Aládùúgbò wa ni wọ́n, àwa la kàn ń gbójú fò wọ́n.

Síbẹ̀, pé ilé ẹnìkan wà nítòsí kò ní kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ọ. Ẹnu ọ̀nà tiwọn, Lisbon ló kọjú sí, nítorí àwọn Potogí ló jọba lé wọn lórí títí di ọjọ́ kejìlá oṣù keje 1975. Ọ̀pọ̀ àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé. Ẹ̀yin wá fẹ́ kúrò ní Èkó, kí ẹ fò kọjá aṣálẹ̀ lọ sí Yúróòpù, kí ẹ tún padà fò kọjá orí ilé yín lọ sí ìsàlẹ̀. Kò burú bí owó bá wà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ lásán ló fẹ́ pààrọ̀ ní Lisbon, tí kò ní yọjú síta rárá, wọ́n á bi í ní físà ìrékọjá? Àfi bó bá ti ní físà Schengen tàbí ti Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ yín tó ń lọ Amẹ́ríkà lọ́dọọdún á kọjá, á máa juwọ́ sí ẹ̀yin méjì. Irú ìrìn àjò yẹn ló ń tú ọ̀rẹ́ ká.

Ọ̀nà tó wù mí fún yín ni Accra. Ọkọ̀ TAP, ti àwọn Potogí, tó ń ti Lisbon lọ sí São Tomé a máa yà ní Accra lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ lọ béèrè bóyá wọ́n á gbé yín láti ibẹ̀, àti ọjọ́ wo. Ghana ò ní bi yín ní físà, ẹ ó sì lè sun ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ lálẹ́ kan, kí ẹ fi owó hòtẹ́ẹ̀lì sápò. Luanda náà wà, TAAG tí í ṣe ti àwọn ará Àǹgólà ń ti ibẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọjá São Tomé lọ jìnnà kó tó padà. Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni "Àǹtí, ECOWAS kan náà ni wá." Rárá o. São Tomé kò sí nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ ti Áfíríkà Àárín ni wọ́n bá ṣe. Má fi ojú Kútọnu wò ó, má rò pé o lè na ìwé ìrìnnà lásán kí wọ́n sì ní kí o máa bọ̀. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ físà kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ta ni mo sì gbọ́ pé ó ń bá yín ṣe é? Éjẹ́ǹtì kan lórí Instagram? Tí kò ní ọ́fíìsì, tí kò ní orúkọ ju "Travel Queen" lọ, tó ní kí ẹ san ìdajì lónìí kí iye má bàa gòkè? Bísọ́lá, ìwọ tí ò ń ka owó ẹlòmíràn níbi iṣẹ́, tí o kì í jẹ́ kí náírà kan sọnù! Ọmọ aládùúgbò mi kan san irú owó bẹ́ẹ̀, ó dé pápákọ̀ pẹ̀lú àpótí méjì, ó bá a pé lílọ nìkan ni wọ́n rà fún un, kò sí bíbọ̀. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ẹ lọ sí ìkànnì ọkọ̀ náà gan-an, tàbí ọ́fíìsì tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn padà sí tí ọ̀rọ̀ bá wọ́.

Ọ̀rọ̀ oṣù wá kù. O ní October, torí ìgbà náà ni ọ̀gá rẹ fún ọ ní lífù. Lọ bẹ̀ ẹ́ kó yí i padà. October ni òjò wọn ń bẹ̀rẹ̀, títí di May ló sì ń bá a lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dáwọ́ díẹ̀ ní January sí February. Láti June títí wọ September ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn gan-an, gravana ni wọ́n ń pè é. Ó tutù, kò móoru bí tiwa, ojú ọ̀nà inú igbó sì máa ń gbẹ. Ẹja àbùùbùtán náà ń gba etí erékùṣù wọn kọjá láti bí oṣù keje lọ, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wò ó. Ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ síwájú, kí o má bàa máa sunkún pè mí: ojú ọ̀run máa ń ṣú nígbà gravana, kùrukùru a sì bo orí òkè. Òkun aláwọ̀ búlúù tí ọmọ alákẹtẹ̀ yẹn dúró sí, oòrùn ló fún un láwọ̀. Bó bá jẹ́ pé fọ́tò ló ń pa yín, January ni kí ẹ lọ. Ìgbà náà ni àwọn alábahun òkun ń gòkè wá yé ẹyin sí iyanrìn, ní apá gúúsù, ní etí òkun Jalé. Ẹ ó rí wọn lóru bí ẹ bá bá àwọn tó ń ṣọ́ wọn lọ, kí ẹ má tan iná fóònù sí ẹranko tó ń rọbí o. Àìlójútì ni.

Bó bá jẹ́ January sì ni, ọjọ́ kẹrin oṣù náà ni wọ́n ń rántí Amador, ẹrú tó kó àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní 1595 tí wọ́n dìde sí àwọn olóko ìrèké. Ọba ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ọjọ́ kẹta February jẹ́ ọjọ́ ọ̀fọ̀ fún wọn, nítorí àwọn tí ìjọba Potogí pa ní Batepá ní 1953, nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ kọ̀ pé àwọn ò ní ṣe iṣẹ́ tipátipá nínú oko. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má gbé orin sókè ní etí òkun. Ẹ bi àwọn èèyàn léèrè, ẹ bá wọn kẹ́dùn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sórí fóònù yẹn: etí òkun, ilé oúnjẹ, etí òkun, ibi ìfọwọ́ra, etí òkun. Ìwọ Bísọ́lá! Ọmọ ọmọ àgbẹ̀ kòkó ní Ilé-Olújí! O fẹ́ dé São Tomé kí o má wọ oko kòkó kan ṣoṣo?

Kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Láti Bràsíl ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí Príncipe ní 1822. Ó ti ibẹ̀ dé São Tomé, ó dé Fernando Pó tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí. Fernando Pó ni Tetteh Quarshie, ọmọ Gold Coast tí a ń pè ní Ghana lónìí, ti kó èso tirẹ̀ lọ sílé ní àwọn ọdún 1870, apá ibẹ̀ náà sì ni èso ti dé ọ̀dọ̀ wa lásìkò yẹn, tí oníṣòwò Èkó kan, J. P. L. Davies, fi dá oko ní Ìjọn, lẹ́bàá Agége. Láti Agége ó di Ìbàdàn, ó di Oǹdó, ó di Ìjẹ̀ṣà, ó di ẹ̀yìnkùlé bàbá mi. Owó kòkó ló wà nídìí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ gbé kalẹ̀ ní 1955, èyí tí èmi fi di tíṣà. Owó kòkó náà ló kọ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn. Òun náà ló rán bàbá rẹ ní ilé ìwé gíga, tó fi pàdé ìyá rẹ, tí a fi rí ìwọ tó jókòó síwájú mi tó ń yí ojú. Má yí ojú sí mi.

Àwọn ará São Tomé ń pe oko ńláńlá yẹn ní roça. Kì í ṣe oko bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ìlú lódindi ni: ilé ọ̀gá lókè, ilé àwọn òṣìṣẹ́ tó tò gbọọrọ, ọsibítù, ilé ìsìn, pápá tí wọ́n ń sá kòkó sí, ojú irin kékeré tó ń kó ẹrù lọ sí etí omi. Ní nǹkan bí 1908, kò sí ilẹ̀ tó ń kó kòkó jáde tó erékùṣù yìí ní gbogbo ayé. Ta ló ṣe iṣẹ́ náà? Àwọn Potogí ti ní àwọn ò kó ẹrú mọ́, òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni. Wọ́n ń kó wọn wá láti Àǹgólà, wọ́n ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé, àwọn tó wá kì í sì í padà sílé. Oníròyìn kan tó ń jẹ́ Henry Nevinson rin ọ̀nà náà, ó sì kọ ọ́ síwèé ní 1906. William Cadbury, ti àwọn oníṣókóléètì, fúnra rẹ̀ lọ wò ó. Ní 1909, ilé iṣẹ́ wọn, ti Fry àti ti Rowntree jọ ṣíwọ́ ríra kòkó São Tomé. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Gold Coast ti gba iwájú lọ́wọ́ wọn, níbi tí àgbẹ̀ ti ń dá oko ara rẹ̀, tó ń ta kòkó ara rẹ̀.

Ronú sí i. Igi kan náà. Ní ọ̀dọ̀ bàbá mi, òun ló ń pinnu ọjọ́ tí a ó fọ́ kòkó, ọjọ́ tí a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè kan, ọjọ́ tí a ó sá a. Òun náà ló ń bá akọ̀wé ìwọ̀n jà tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Owó rẹ̀ ni, ó fi kọ́ ilé páànù, ó fi kọ́ ọmọ. Ní São Tomé, ẹni tó ń fọ́ kòkó kò ní igi, kò ní ilé, kò sì ní ọjọ́ tó máa padà sílé. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì láìmọye ìgbà, síbẹ̀ ó máa ń mú mi dákẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní o kò gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ lọ sùn kalẹ̀ lórí iyanrìn nìkan.

Ẹ lọ sí Roça Agostinho Neto ní àríwá. Ọsibítù rẹ̀ tó dà bí ààfin wà lókè òpópónà, ó ti ń wó, àwọn ọmọ ọmọ òṣìṣẹ́ sì ń gbé inú ilé oko títí di ìsinsìnyí. Ìlú èèyàn ni, kì í ṣe mùsíọ́ọ̀mù, nítorí náà ẹ kí wọn kí ẹ tó yọ fóònù, ẹ má sì máa ya fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ dé Monte Café lórí òkè, ibẹ̀ ni mùsíọ́ọ̀mù wà ní tòótọ́, ti kọfí. Lójú ọ̀nà gúúsù, ẹ ó gba roça Água Izé, lẹ́yìn rẹ̀ São João dos Angolares, níbi tí João Carlos Silva, ọkùnrin tó ń dáná lórí tẹlifíṣọ̀n, ti sọ ilé olóko àtijọ́ di ilé oúnjẹ. Níwájú díẹ̀ ni Pico Cão Grande, òkúta tó yọ ṣóṣóró láàárín igbó, tó ga ju 300 mítà lọ láti ìdí rẹ̀. Ẹ wò ó láti ojú títì, ó tó. Ẹni tó bá fẹ́ wọ igbó wọn, kó mú ọmọ onílẹ̀ dání, nítorí ṣèbé dúdú kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò le. Má di gàrí o, má dójú tì mí. Calulu ni kí ẹ jẹ: epo pupa, ilá, ẹja gbígbẹ, ewébẹ̀ oríṣiríṣi, tí wọ́n sè pẹ̀lú sùúrù. Bí o bá tọ́ ọ wò, wàá mọ̀ pé ilé lo wà. Wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ní gbẹ̀rẹ̀fútù, ẹja tútù pọ̀ lọ́jà, ẹmu wà. O kò gbọ́dọ̀ mu ju ife kan lọ.

Owó wọn ni dobra. Láti 2010 ni wọ́n ti so ó mọ́ yúrò, iye dobra tí yúrò kan jẹ́ kò sì yí padà: 24.5 ni, bí a bá fi owó tuntun tó jáde ní 2018 kà á. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣọ́ náírà láràárọ̀, ẹ ó sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ mú yúrò gidi dání, lówó kéékèèké, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì báǹkì. Ibi tó ń gbà á kò pọ̀. Ẹ ra ohun tí ẹ ó fi ki ẹnu ṣájà bọ iná, torí ihò róbótó méjì ni tiwọn, bíi ti àwọn Potogí. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ni lédè Potogí, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ò gbilẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ńkọ́? Dandan ni yẹ́lò káàdì fún ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọlé, ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó rìn ló sì yẹ kí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ náà. Ọ̀dọ̀ ìjọba ni kí ẹ ti gbà á. Bí mo bá gbọ́ pé o rà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan lẹ́nu géètì pápákọ̀, ojú èmi àti ìwọ á jọ pọ́n. Ẹ mú oògùn ibà àti nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, ẹ̀fọn wọn kò mọ àlejò.

Bí owó bá ṣẹ́kù, ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré lọ sí Príncipe. Ó kéré, ó dákẹ́, ó wọ́n. Roça Sundy wà níbẹ̀, níbi tí Arthur Eddington, òyìnbó onímọ̀ ìràwọ̀, dúró sí ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 1919 nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, tó fi wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni Einstein sọ. Nínú oko kòkó! Èmi ì bá san owó torí ìyẹn nìkan. Bí owó ò bá ṣẹ́kù, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti ìsàlẹ̀ São Tomé lọ sí Ilhéu das Rolas, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan sí apá àríwá ayé, kí ẹ fi èkejì sí gúúsù. Fọ́tò yẹn ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Má ra ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n fi èèpo alábahun ṣe bọ̀ wálé. Òfin wọn kọ̀ ọ́, èmi náà kọ̀ ọ́. Ṣókóléètì ni kí o rà, èyí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ láti inú kòkó ibẹ̀, ẹyọ méjì fún mi, ọ̀kan fún bàbá rẹ.

Ní Monday, pe ọ̀gá rẹ nípa lífù, kí o sì béèrè ọ̀rọ̀ físà. Kọ èsì rẹ̀ sórí ìwé wá fún mi, mi ò fẹ́ fóònù. Ìyá rẹ ò tíì mọ̀ pé ẹ fẹ́ rìn, àbí? Lọ sọ fún un lálẹ́ òní, nítorí bó bá bi mí, èmi ò ní bá ọ purọ́.